Koríko Tó Wà Láàárín Bọ́ọ̀lù àti Ilà

Àìkú, 8 oṣù kẹfà

Mo rí koríko. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má bàa wá fi ọ̀rọ̀ dídùn yí mi lọ́kàn padà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá gọ́ọ̀lù, lẹ́yìn ilà díẹ̀, ni mo gbé àga mi sí lánàá, ní pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò sì jìnnà sí àwọ̀n rárá. Ìṣó, ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń gbá iwájú, fi gbogbo agbára gbá bọ́ọ̀lù. Ó ba ọ̀pá òkè, ó já lulẹ̀, gólì àwọn mẹkáníìkì tí a jọ ń du ife sì dà bò ó bí ẹni tó fẹ́ mú adìẹ. Kó tó dà bò ó, mo rí koríko tútù láàárín ilà funfun àti ibi tí ìdí bọ́ọ̀lù fi kanlẹ̀. Bọ́ọ̀lù ti wọlé. Àwa Oníṣẹ́ Igi la gba ife.

Ṣùgbọ́n ta ló di fèrè mú? Ọmọ mi. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin. Ó ti sáré débẹ̀ kí gólì tó bò ó, ó dúró sórí ilà, ó wò ó dáadáa, ó wá ju ọwọ́ pé kí wọ́n máa gbá a lọ.

Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n fi í síbẹ̀ o! Réfírí tí wọ́n yàn ń ṣàìsàn, gbogbo wọn ń wo ojú ara wọn, èmi ni mo dìde. Mo ní, "Ọmọ mi wà níbí, réfírí ni. Ẹ̀jẹ̀ mi ni, kò mọ ojúsàájú." Ọ̀gá Sípánà, olórí àwọn mẹkáníìkì, fara mọ́ ọn kí n tó pa ẹnu dé. Ó yẹ kí n ti fura.

Mo wọ pápá. Mo já fèrè lọ́rùn rẹ̀. Mo sọ fún un lójú gbogbo ayé pé ojú rẹ̀ fọ́. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fún mi ní fèrè mi." Sà! Ṣé èmi ni sà ni, àbí bàbá rẹ̀? Mo jù ú sílẹ̀ fún un. Nígbà tí mo délé, ó ti kó aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀.

Kó máa lọ. Ayùn kan ṣoṣo ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyẹn náà, mo yá a ni. Lónìí, kò sí ilẹ̀kùn tó dúró ṣánṣán ládùúgbò yìí tí kì í ṣe ọwọ́ mi. Èmi ni mo ra aṣọ bọ́ọ̀lù fún odindi ẹgbẹ́. Èmi tí mò ń ṣe ẹnu ọ̀nà ni ọmọdé wá fẹ́ kọ́ ní ohun tó ń jẹ́ wọlé?

Ìṣẹ́gun, 10

Òjò láti àárọ̀. Pákó ò gbẹ. Gúlù tún ti gbówó lórí, mo ní kí ẹni tó ń tà á máa fi lẹ ẹnu ara rẹ̀.

Mo kọ ìwé ẹ̀sùn sí alága líìgì tó ṣètò ìdíje wa. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, mi ò bẹ tíṣà kankan. Gbogbo ìwé tí mo mọ̀, ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ni mo ti kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́, tí ayùn ṣì ń dùn mí lọ́wọ́, síbẹ̀ ẹ wo lẹ́tà mi bó ṣe tò bí ìṣó lára pákó. Mo kọ ọ́ pé èmi alága Oníṣẹ́ Igi fi ojú mi méjèèjì rí koríko láàárín ilà àti bọ́ọ̀lù, àti pé réfírí yìí kò mọ òfin. Ìṣó kà á sókè. Ó ní lọ́yà kankan ò lè kọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ife ti délé. Mo ra búrẹ́dì àti ohun mímu tútù fún gbogbo wọn.

Ìyàwó mi gbé oúnjẹ síwájú mi, kò sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 12

Kò tíì sọ̀rọ̀. Oúnjẹ ń dé, iyọ̀ ni kì í bá a dé.

Àbámẹ́ta, 14

Ọ̀gá Sípánà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun fẹ́ ṣe ilẹ̀kùn. Irọ́ ni. Ojú mi ló wá wò.

"Bàbá onílẹ̀kùn, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé ẹ kọ̀wé."

"Mo kọ̀wé. Ẹ máa nu ife yẹn dáadáa, torí mi ò ní pẹ́ wá gbà á."

"Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀lù yẹn ò kọjá tán."

"Kí ló ń jẹ́ tán? Bí o bá wá sílé mi, tí o ti gbé ẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, ṣé o ò tíì wọlé ni?"

"Bí ìdí mi bá ṣì wà níta ńkọ́, tí òjò ń pa á? Ṣé ẹ máa lọ sọ fún ìyàwó mi pé mo ti wọlé?"

Gbogbo oníbàárà tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín fẹ́ gba èmi náà lẹ́nu jáde, mo gbé e mì. Mo ní kó lọ ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀ níbòmíràn. Ó ní, "Níbo? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi tiyín." Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo wọn férémù rẹ̀.

Ajé, 16

Alága líìgì ránṣẹ́ pè mí. Mo wọ aṣọ mi tó dáa jù, mo ti ń ronú ibi tí mo máa gbé ife sí nínú pálọ̀.

Ọ́físì rẹ̀ ò ju yàrá kan lọ, fáànù ń ké lókè, ẹsẹ̀ àga tó ní kí n jókòó lé kúrú lápá kan. Mo ká páálí mo fi tì í kí n tó jókòó. Ó ní, "Bàbá, ife ò kúrò níbi tó wà."

Mo ní báwo?

"Bóyá bọ́ọ̀lù wọlé tàbí kò wọlé, ohun tí réfírí bá ti rí, tó sì ti fọn fèrè sí, ó parí síbẹ̀. Èmi ò lè yí i, ẹnikẹ́ni ò lè yí i."

"Kí ni ìwé mi wá ń ṣe?"

Ó fi ọwọ́ pa orí. "Ìwé yín ti lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn réfírí lókè. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò mọ òfin. Wọ́n máa pè é. Bí wọ́n bá gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á gba báàjì rẹ̀."

"Fún oṣù mélòó?"

"Wọn kì í dá a padà, Bàbá. Ẹ ò gbọ́ ni? Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó máa fọn fèrè nínú ìdíje àwọn obìnrin lọ́dún tó ń bọ̀, ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè."

Mi ò gbọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Tàbí ọmọ mi sọ fún mi, mò ń sọ ti ara mi lọ́wọ́.

Mo ní kó fún mi ní ìwé mi. Ó ní kò sí lọ́wọ́ òun mọ́. Mo ní kó pè wọ́n lórí fóònù. Ó pè wọ́n lójú mi. Ẹni tó gbé e lọ́hùn-ún ní àgbàlagbà tó lórúkọ bí èmi kì í kọ̀wé ṣeré, ẹ̀sùn ti di tàwọn. Orúkọ mi! Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi kọ́ orúkọ yẹn, òun ni wọ́n wá fẹ́ fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé. Òjò pa mí, mi ò sá.

Ìṣẹ́gun, 17

Ìfági bó mi ní àtàǹpàkò. Èmi! Mi ò lè jẹun.

Ẹtì, 20

Mo lọ sílé àbúrò ìyàwó mi. Aránṣọ ni, ẹnu ọ̀nà gan-an ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí. Kò dìde fún mi. "Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ ariwo lẹ gbé wá, ẹ gbé e dúró síta. Mo ní oníbàárà nínú ilé." Mo ní jẹ́jẹ́ ni mo wá.

Ọmọ mi jáde. Ó kí mi bó ṣe yẹ kó kí mi, ṣùgbọ́n bàtà mi ló ń wò. Ó ti rù.

Mo ti ro ohun tí mo máa sọ lójú ọ̀nà. "Tí wọ́n bá pè ọ́, sọ pé òjò ló bò ọ́ lójú. Sọ pé àṣìṣe ni. Bọ́mọ èèyàn bá tọrọ àforíjì, ìkìlọ̀ ni wọ́n máa fún un, kó máa lọ."

"Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ náà, Bàbá mi."

"Ta ló máa rántí?"

"Èmi."

Orí kunkun. Mi ò mọ ibi tó ti rí i. Mo ní ṣé kò mọ̀ pé báàjì ni wọ́n fẹ́ gbà? Ó ní òun mọ̀, wọ́n ti kọ̀wé sí òun.

"Gbogbo bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kọjá gbogbo ilà," ló wí, "ì báà wà nílẹ̀, ì báà wà lókè. Bí bíńtín lára bọ́ọ̀lù bá ṣì wà lórí ilà, kò tíì wọlé. Ohun tí mo rí nìyẹn, ohun tí mo sì sọ nìyẹn. Mi ò ní sọ pé mi ò rí i."

"Koríko ńkọ́? Mo rí koríko!"

"Èmi náà rí koríko yẹn, Bàbá mi."

"O rí i?"

"Mo rí i. Kì í ṣe koríko ni òfin ń béèrè."

Mo jáde, mi ò dágbére fún aránṣọ. Bó bá lọ síwájú àwọn èèyàn yẹn tó ní òun rí koríko, tóun sì sọ pé kò wọlé, wọ́n máa ní kò mọ òfin lóòótọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló máa fi ẹnu rẹ̀ bá ìwé mi ṣe é tán. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ta ni mo fẹ́ bẹ̀? Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni rí láyé mi, mi ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Àìkú, 22

Oòrùn yọ díẹ̀ lónìí. Mo ní mo máa fi han ọmọ mi. Mo máa to bọ́ọ̀lù bó ṣe wà lọ́jọ́ náà gan-an, mo máa pè é wá wò ó, kó lè gbà pé òun ṣì í, kó tọrọ àforíjì, kí ọ̀rọ̀ parí.

Mo gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Mo mú pákó gbọọrọ kan, mo kun ún ní funfun, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ti ọ̀pá gọ́ọ̀lù lọ. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, òun ni ilà. Mo gbé bọ́ọ̀lù sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo wá jókòó sílẹ̀ ní ìhà tí àga mi wà lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ hàn láàárín ìdí bọ́ọ̀lù àti pákó, ìka méjì dáadáa. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti wọlé!

Lẹ́yìn náà mo dìde, mo sì wò ó látòkè, ní ìhà tí ọmọ mi dúró sí. Ilẹ̀ tí mo rí, mi ò rí i mọ́. Bọ́ọ̀lù bò ó mọ́lẹ̀.

Mo ní ojú lè tan èèyàn. Mo lọ mú okùn ìwọ̀n mi, okùn tí irin wà nídìí rẹ̀ tí mo fi ń mọ̀ bí férémù bá dúró ṣánṣán. Okùn yẹn ò parọ́ fún mi rí. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn bọ́ọ̀lù, níhà pápá. Irin náà fì díẹ̀, ó dúró. Orí ọ̀dà funfun ló dúró sí.

Mo tún un ṣe. Mo yí bọ́ọ̀lù, bóyá ibẹ̀ ni kò rí róbótó. Mo pààrọ̀ bọ́ọ̀lù. Mo ń sún un sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, mò ń sọ okùn. Kí okùn tó kúrò lórí ilà, ilẹ̀ tó wà láàárín ti fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ọwọ́ mi yìí sì fẹ̀. Bọ́ọ̀lù kì í ṣe ẹsẹ̀ èèyàn. Ikùn ló fi ń kẹ́yìn wọlé.

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi tí mò ń sọ okùn sára férémù lójoojúmọ́, tí mo máa ń pariwo lé àwọn bíríkìlà lórí pé kí wọ́n má fojú díwọ̀n.

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Kí lẹ rí?"

Mo ní, "Ikùn bọ́ọ̀lù."

"Ó ṣe kí ni?"

"Ó wà lórí ilà."

Ó ní, "Ẹ lọ sọ ọ́ fún àwọn tẹ́ ẹ sọ tàkọ́kọ́ fún." Ó wọlé lọ.

Ọjọ́rú, 25

Mo pe ẹgbẹ́ jọ, mo fi han gbogbo wọn. Ìṣó ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ló ń sọ̀rọ̀. Èmi ni mo gbá a, mo mọ ohun tí mo gbá."

"Wá sọ okùn náà fúnra rẹ."

"Okùn yín ni. Ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́ ló máa dúró sí."

Wọ́n bọ́ aṣọ ẹgbẹ́ sórí tábìlì iṣẹ́ mi, wọ́n lọ. Wọn ò tiẹ̀ fọ̀ ọ́.

Àbámẹ́ta, 28

Ìwé ìgbìmọ̀ dé. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fi ìgbẹ́jọ́ ọmọ mi sí. Mi ò ta nǹkan kan lónìí. Owó ìṣó lọ́jà ti tún yí padà, mi ò bá wọn jà.

Ìṣẹ́gun, 1 oṣù keje

Mo ń kọ́ ohun tí mo máa sọ níwájú dígí kọ́bọ́ọ̀dù tí mò ń ṣe lọ́wọ́. Ó ń dùn létí mi. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, òkúta á gbà. Mo máa sọ gbogbo rẹ̀, mi ò ní fi ohunkóhun pamọ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.

Ìyàwó mi lọ aṣọ mi. Iyọ̀ wà nínú oúnjẹ.

Ọjọ́bọ̀, 3

Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ kí n tó sùn, bí mo bá máa sùn.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì gígùn. Obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun ló wà láàárín, orúnkún rẹ̀ ń dùn ún bíi ti gbogbo àwọn tó ti sáré ní pápá fún ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ mi jókòó lápá kan, ó wọ aṣọ dúdú réfírí rẹ̀, báàjì wà láyà rẹ̀. Mo gbé pákó, bọ́ọ̀lù àti okùn wọlé. Ọkùnrin tó wà lápá òsì ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ tún yàrá wa ṣe ni?" Mo ní bí wọ́n bá fẹ́, ilẹ̀kùn wọn nílò rẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ara mi balẹ̀.

Mo to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo sọ okùn. Obìnrin náà di tábìlì mú, ó fi orúnkún ríro yẹn kúnlẹ̀, ó sì wò ó pẹ́. Ó bi ọmọ mi léèrè, "Ohun tí o rí lọ́jọ́ náà nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo rí koríko nísàlẹ̀ bí mo ṣe ń sáré bọ̀, mo dúró, mo rí bọ́ọ̀lù lórí ilà."

"Òfin yé ọ." Ó yí sí mi. "Bàbá, bí kì í bá ṣe ọmọ yín ló fọn fèrè, ṣé ẹ máa wọ̀n ọ́n?"

"Rárá," mo ní. "Mi ò ní wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n okùn yìí ò bímọ o, ẹ bi í."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé ọmọ mi fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run mi, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́! Ibẹ̀ ni kí n ti kó pákó mi, kí n máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ níwájú dígí ò tíì tán. Mo ní kí wọ́n lè mọ irú ọmọ tí mo bí, mo bú u, mo wọ pápá, mo já fèrè lọ́rùn rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi yìí, kò bú mi, kò jà, ó tọrọ fèrè rẹ̀ padà, ó sì parí bọ́ọ̀lù náà.

Wọ́n wo ara wọn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló wọ̀ wọ́n lára.

Obìnrin náà ń ṣí ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Ó ṣí i lọ, ó ṣí i bọ̀. "Ẹ fọwọ́ kan réfírí? Kò sí nínú ìròyìn tó kọ fún wa." Ó wo ọmọ mi. "Ta ló ní kí o yọ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n yọ ọ́, mà."

"Kí ló dé?"

"Bàbá mi ni, mà."

Wọ́n ní ká jáde. Wọ́n tún pè wá. Ẹ̀sùn mi ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọ́n dà á nù. Ó mọ òfin, ó rí ohun tó yẹ kó rí, báàjì ò lọ. Ṣùgbọ́n réfírí tó bá fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ lónìí lè fi òmíràn pamọ́ lọ́la. Kò gbọ́dọ̀ fọn fèrè níbikíbi fún odindi ọdún kan. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìdíje àwọn obìnrin. Èmi náà, mi ò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan pápá kankan fún ọdún méjì.

Mo pariwo. Mo ní kí wọ́n fi tirẹ̀ kún tèmi, kí wọ́n sọ tèmi di ogún ọdún. Ọmọ mi ló fà mí lọ́wọ́ jáde.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Bàbá mi, kí ló dé tẹ́ ẹ sọ ọ́?"

"Mo rò pé ó máa ràn ọ́ lọ́wọ́."

"Mo mọ̀." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀, ó wá ku orúkọ yín. Mi ò lè kọ ọ́. Mo ya ìwé náà, mo kọ òmíràn."

Ẹtì, 4

Mo padà lọ bẹ obìnrin náà. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó bu omi fún mi, ó ní kò sí bí wọ́n ṣe ń bá ẹlòmíràn jẹ irú ìyà yẹn. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́rú, 9

Òjò tí kò dá. Mi ò rí nǹkan kan kọ.

Àbámẹ́ta, 12

Ó gbé báàgì rẹ̀ délé láàárọ̀. Kò sọ ìdí, ìyá rẹ̀ ò sì bi í. Nígbà tó jẹun tán, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó mú sáńpépà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀kùn Ọ̀gá Sípánà lápá kan, èmi ń ha apá kejì.

Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ògiri. Ẹgbẹ́ méjì tí mi ò mọ̀ ni. Èmi ò gbọ́dọ̀ lọ, òun ò fẹ́ lọ. À ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, à ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn. Lójijì irin dún gbàǹgà, ọ̀pá gọ́ọ̀lù nìyẹn, ariwo sì bẹ́ sílẹ̀. "Ó wọlé! Ó wọlé!" Àwọn mìíràn ní kò wọlé. Ọmọ mi ti dìde. Ó na ọrùn sí fèrèsé, bẹ́ẹ̀ ògiri nìkan ló wà níbẹ̀ tí èèyàn lè rí, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sí àyà, ó ń wá fèrè. Ó wá fèrè náà títí, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó jókòó.

Ariwo ò dá. Ó yíjú sí mi. "Kí lẹ rò, Bàbá mi? Ó wọlé?"

Ẹnu mi ti là. Mo ti gbọ́ bí irin ṣe dún, mo mọ igun tó ti wá, mo mọ iye ọdún tí mo fi ń wo bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó bí gbogbo àwọn tó ń pariwo lẹ́yìn ògiri yẹn.

Mo ní, "Mi ò rí i."